Pàǹtí Onítànṣán: Ta Ló Ń Fún Un Níwèé Àṣẹ, Ta Ló sì Ń Sanwó Rẹ̀?

Ní Ọ̀tan Ayégbajú, bíi ti Ìgbájọ àti Ìkirun, àwọn tó ń ra àlòkù irin kì í wọ́n lójú títì. Wọ́n á ti ọmọlanke láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á máa pariwo kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, wọ́n á wọn irin, wọ́n á sanwó, wọ́n á sì lọ. Fíríìjì tó ti kú, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀ tó ti jóná, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń rà. Àmọ́ ohun kan wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ rà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tà fún wọn: ẹ̀rọ tàbí àpótí tí ohun tó ń tú ìtànṣán olóró jáde wà nínú rẹ̀. Tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti parí iṣẹ́, ó ti di pàǹtí nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú pàǹtí tí ọkọ̀ akólẹ̀ lè gbé.

Òfin Nàìjíríà ti sọ ẹni tó ni àṣẹ lórí pàǹtí yìí, ó sì ti sọ ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ rèé fún àwọn tó ní ilé ìwòsàn, àwọn kọngilá tó ń la títì, àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù àti gbogbo ará ìlú.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Àwọn nǹkan kan wà láyé tó jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n ń tú ìtànṣán jáde, tọ̀sán-tòru, láìsí iná mànàmáná. Ìtànṣán náà lágbára débi pé ó lè wọ ara èèyàn lọ kó sì ba ohun tó bá níbẹ̀ jẹ́. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, ara kì í sì í tètè mọ̀ pé ó ti kan òun.

Tí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, oore ńlá ló ń ṣe. Àwọn dókítà ń fi í pa jẹjẹrẹ, wọ́n sì ń fi í wo bí kíndìnrín àti ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń la títì ń fi í wo bóyá ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ti ki tó. Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ń fi í yẹ inú kànga epo wò, àwọn tó ń jó páìpù pọ̀ sì ń fi í wo bóyá ojú ibi tí wọ́n jó kò là.

Bí agbára wọn ṣe ń pẹ́ tó kò dọ́gba. Àwọn onímọ̀ máa ń ka iye àkókò tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń dín sí ìdajì. Technetium-99m tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, wákàtí 6 ni. Iodine-131 tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọ̀nà ọ̀fun, ọjọ́ 8. Iridium-192 tí àwọn tó ń yẹ páìpù wò ń lò, ọjọ́ 74. Cobalt-60 tó ń pa jẹjẹrẹ, ọdún 5 ó lé díẹ̀. Caesium-137, ọdún 30. Americium-241, ọdún 432. Radium-226 ní tirẹ̀, ọdún 1,600. Ẹni tó bá sin americium sí ẹ̀yìnkùlé lónìí, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rárá ṣì máa bá a níbẹ̀, bí ẹni pé àná ni wọ́n sin ín.

Ohun méjì wà tí àwọn èèyàn máa ń gbé pọ̀ mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ X-ray. Ẹ̀rọ X-ray máa ń tú ìtànṣán jáde lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá tan iná sí i nìkan ni. Tí wọ́n bá ti paná rẹ̀, ìtànṣán parí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, kì í ṣe pàǹtí onítànṣán. Ìkejì ni òpó GSM. Ìtànṣán tó ń ti ara òpó jáde kò sí nínú irú èyí tí à ń sọ yìí rárá, òfin ọ̀tọ̀ ló sì ń mójú tó o.

Abuja ló ni àṣẹ, kì í ṣe Òṣogbo

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì sínú àkójọ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ìwé òfin yẹn kan náà ló fi kíkó ìdọ̀tí ìlú sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀tan Ayégbajú, lè gba owó ilẹ̀ kíkó lọ́wọ́ ilé ìwòsàn kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà lè gba owó tirẹ̀ lórí àyíká. Ṣùgbọ́n rìsíìtì méjèèjì kò sọ pé onítọ̀hún láṣẹ láti ní ohun onítànṣán, ká má tíì sọ pé kó dà á nù.

Àjọ tó ni àṣẹ náà ni Nigerian Nuclear Regulatory Authority, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NNRA. Òfin ọdún 1995 ló dá a sílẹ̀, àmọ́ ọdún 2001 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Lọ́dún 2003, ó gbé ìlànà gbogboogbò jáde lórí ìtànṣán. Lọ́dún 2006, ó gbé òmíràn jáde lórí kíkó pàǹtí onítànṣán, lórí ààbò àwọn ohun tó ń tú ìtànṣán, àti lórí gbígbé wọn kiri ojú títì. Ẹ má ṣe gbé e pọ̀ mọ́ Nigeria Atomic Energy Commission, tí òfin ọdún 1976 dá sílẹ̀. Àjọ yẹn ló ń wá bí orílẹ̀-èdè yóò ṣe jàǹfààní agbára átọ́míìkì. NNRA ló ń ṣọ́ ọ.

Kò jìnnà síbí ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ rẹ̀ ní aginjù Sàhárà ní ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà. Ẹ̀rù ba àwọn ará ibí, torí láti ọ̀hún náà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Nígbà tí Faransé kò dáwọ́ dúró, Nàìjíríà lé aṣojú rẹ̀ lọ ní oṣù kìíní ọdún 1961. Lọ́dún 1964, wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tí yóò máa wọn ìtànṣán tó bá wà nínú afẹ́fẹ́, omi àti oúnjẹ. Iléeṣẹ́ yẹn ló di National Institute of Radiation Protection and Research tó wà lábẹ́ NNRA báyìí, inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn náà ló sì wà dòní. Òun ló sún mọ́ àwọn ará Ọ̀ṣun ju Abuja lọ.

Ìwé àṣẹ àti owó tó rọ̀ mọ́ ọn

Ìpìlẹ̀ òfin náà kò le yé èèyàn: ẹni tó bá fẹ́ jàǹfààní ohun onítànṣán ni yóò sanwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlú tó bá ṣèèṣì parí sí kọ́ ló ni gbèsè náà. Owó yìí pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni owó ìwé àṣẹ. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tó kárí gbogbo rẹ̀. Kíkó o wọ̀lú, níní in, lílò ó, gbígbé e láti ìlú kan dé òmíràn, títọ́jú rẹ̀ pamọ́, dídá a padà sókè òkun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè àṣẹ. Ìwé náà ní ọjọ́ tó máa tán, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun. Owó tí ilé ìwòsàn kékeré máa san kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti iléeṣẹ́ epo, nítorí irú iṣẹ́ àti ewu tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ NNRA fúnra rẹ̀ ni kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ti béèrè iye tó wà lórí rẹ̀ lásìkò náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ pé òun mọ èèyàn níbẹ̀. Àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TSA, tí ìjọba àpapọ̀ fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2015, ni owó ìjọba àpapọ̀ ń wọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó owó sí àkáǹtì òun, ẹ sá fún un.

Ìkejì ni owó àwọn èèyàn. Iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó kọ́ṣẹ́ ààbò ìtànṣán tí yóò máa bójú tó o. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sún mọ́ ọn gbọ́dọ̀ máa lẹ báàjì kékeré kan mọ́ àyà, èyí tó ń ka iye ìtànṣán tó kàn wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbé báàjì náà lọ fún àyẹ̀wò látìgbàdégbà. Owó ni gbogbo ìyẹn.

Ìkẹta ni owó ibi ìpamọ́: yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, àpótí òjé, àmì ìkìlọ̀ lára ilẹ̀kùn, àti ìwé tí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó débẹ̀.

Ìkẹrin ni owó òpin, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí lọ́jọ́ tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á gbó, agbára ohun tó wà nínú rẹ̀ á dín, ilé ìwòsàn á fẹ́ ra òmíràn. Ta ló máa sanwó ọkọ̀ òfurufú tí èyí tó ti gbó máa bá lọ? Òfin ní ẹni tó rà á ni. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti bá ẹni tó tà á ṣe àdéhùn nílẹ̀ pé tó bá ti parí iṣẹ́, onítọ̀hún yóò gbà á padà. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ láìṣe àdéhùn yìí ti ra gbèsè mọ́ ọjà.

Níbo wá ni wọ́n ń kó o sí?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èyí tí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ tán, wọ́n máa ń tì í mọ́lé ni títí agbára rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò ni kí wọ́n ka ìgbà mẹ́wàá iye àkókò tó fi ń dín sí ìdajì. Fún iodine-131, ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 80. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dà á nù bí ìdọ̀tí ilé ìwòsàn yòókù.

Èyí tó máa pẹ́, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ní Nàìjíríà ni ti Zaria. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan wà tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, láti ọdún 2004 ló ti ń ṣiṣẹ́. Uranium alágbára tí ilẹ̀ Ṣáínà kó wá fún un kò tó ìwọ̀n àpò gàrí kékeré kan, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí agbára rẹ̀ kéré, inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti gbé e padà sí Ṣáínà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018.

Èyí tí kò rí ibi padà sí, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ìjọba àpapọ̀ bá fọwọ́ sí. Nàìjíríà kò tíì ní ilẹ̀ kan tó yà sọ́tọ̀ tí wọ́n lè sin ín sí títí ayé.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ọdún 1980 fi pàǹtí onítànṣán tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà kí àwọn ìpínlẹ̀ para pọ̀ ní ibi ìsìnkú kan. South Carolina ní tirẹ̀ ní Barnwell, àmọ́ láti ọdún 2008 kò gbà á mọ́ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Texas ṣí tirẹ̀ ní Andrews County lọ́dún 2012, òfin sì fún ìjọba ìbílẹ̀ Andrews ní náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó bá wọlé, bí ẹni bá fi owó wa ṣírò rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà tiwọn ti jọ tiwa ni pé ẹni tó kó pàǹtí wá ló ń sanwó. Ibi tí kò ti jọ ọ́ ni pé ìlú tó gbà á sílẹ̀ mọ ohun tó gbà, ó sì mọ iye tó ń wọlé fún un.

Ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù

Àwọn ará Koko kò mọ ìkankan nínú méjèèjì. Koko jẹ́ ìlú etí omi, ìpínlẹ̀ Bendel ló wà nígbà náà, ìpínlẹ̀ Delta ló wà báyìí. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, àwọn oníṣòwò láti Ítálì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá pàǹtí olóró wọ ibẹ̀, wọ́n purọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì háyà àgbàlá ọmọ ìlú kan láti kó o sí. Iye tí wọ́n ń san fún un jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló ta ìjọba lólobó. Ìjọba bínú, ó pe aṣojú rẹ̀ ní Ítálì wálé, ó sì mú ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Ítálì kó ẹrù rẹ̀.

Kẹ́míkà ló pọ̀ jù nínú pàǹtí Koko, ṣùgbọ́n òfin tó tìtorí rẹ̀ jáde kò dá kẹ́míkà nìkan mọ̀. Òfin ọdún 1988 lórí pàǹtí olóró sọ ọ́ ní tààrà pé pàǹtí átọ́míìkì tó lè pa èèyàn tàbí sọ ọ́ di aláàárẹ̀ tí kò ní ìwòsàn wà lára ohun tí òun ń bá wí. Ẹni tó bá kó o wọ̀lú, tó tà á, tó rà á, tó gbé e kiri tàbí tó dà á sórí ilẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ẹni tó ni ilẹ̀ kò lè sọ pé owó háyà lásán ni òun gbà. Ní ọdún 1991, ní Bamako, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó pàǹtí olóró wọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́, wọ́n sì ka pàǹtí onítànṣán mọ́ ọn.

Tó bá dé ọwọ́ oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù

Ìlú Goiânia ní Brazil ni ayé ti rí ohun tí owó òpin tí wọn kò san lè dá sílẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni kan kó kúrò nínú ilé rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ sílẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn méjì tó ń wá irin wọ ilé náà, wọ́n tú u, wọ́n sì tà á fún oníṣòwò àlòkù irin. Ìyẹ̀fun caesium-137 tó wà nínú rẹ̀ ń tàn bí iná búlúù lálẹ́, ó wu àwọn èèyàn, wọ́n pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, àwọn kan fi kun ara. Èèyàn 4 kú, ọmọdébìnrin ọlọ́dún 6 kan wà nínú wọn. Ó ràn mọ́ èèyàn 249. Nǹkan bí 112,000 èèyàn ni wọ́n yẹ̀ wò. Caesium náà kò ju gíráàmù 93 lọ, kò tó sínsì sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, àmọ́ ilé tí wọ́n wó, ilẹ̀ tí wọ́n hú àti ẹrù tí wọ́n kó dà nù nítorí rẹ̀ tó nǹkan bí 3,500 mítà kúbíìkì.

Irú rẹ̀ ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ohun onítànṣán americium tí iléeṣẹ́ kan ń lò nínú kànga epo pòórá láàárín Warri sí Port Harcourt. NNRA kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n wá a títí. Jámánì ni wọ́n ti padà rí i lọ́dún 2003, láàárín àlòkù irin tó ti Nàìjíríà lọ. Ohun tó sọnù ní Warri lè gba orí ọmọlanke, kó gba èbúté, kó sì dé ẹnu ààrò irin ní ilẹ̀ Yúróòpù. Kò sí ìdí tí kò fi lè gba Ọ̀tan Ayégbajú kọjá.

Tí ẹ bá rí i

Àmì rẹ̀ ni ilẹ̀ yẹ́lò tí wọ́n ya ohun dúdú mẹ́ta sí yí ojú kan po, bí abẹ́ fáànù. Láti ọdún 2007, àmì pupa onígun mẹ́ta kan tún wà tí wọ́n ya agbárí òkú àti èèyàn tó ń sáré sí. Àmì lè ti ha kúrò, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ohun irin tó kéré lójú ṣùgbọ́n tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjé ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì fi òjé bo nǹkan lásán.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi òòlù lù ú, ẹ má gé e, ẹ má jó o, ẹ má sì fi í sápò. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi àyè tó pọ̀ sí àárín yín àti òun, torí bí èèyàn bá ṣe jìnnà sí i tó ni ìtànṣán tó ń kàn án ṣe ń dín kù tó. Tí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ àti omi wẹ̀, kó bọ́ aṣọ tó wọ̀ sínú ọ̀rá, kó sì sọ òótọ́ fún dókítà. Ẹ pe ọlọ́pàá tàbí Sífú Dìfẹ́ǹsì, tàbí kí ẹ tẹ 112, kí ẹ sì ní kí wọ́n pe NNRA. Àwọn nìkan ló ní irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi gbé e.

Ẹni tó jogún ilé ìwòsàn bàbá rẹ̀, tó bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti tì pa, kó má ṣe dá a tà, kó má sì tìtorí owó dákẹ́. Kó kọ̀wé sí NNRA. Ẹni tó jẹ́wọ́ pé ó wà lọ́wọ́ òun ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti gba ìlú sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ohun tí òfin yìí ń lé kò ju ìyẹn lọ: kí eérú máa tọ ẹni tó dà á, kó má lọ fẹ́ sójú ọmọ ọlọ́mọ.